Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ́ Yàrá Ìsàlẹ̀

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é láti kékeré. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ẹni tó bá bá a tahùn lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá gba ìkejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu nìkan ló gbójú lé. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè. Pánẹ́bítà ni ẹ̀gbọ́n náà: mọ́tò tó bá ti forí sọ nǹkan, tí ara rẹ̀ rún bí agolo, òun ló ń lù ú títí á fi gún. Òòlù ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú.

Bàbá wọn kú, ìyá wọn náà ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Òòlù sì di bàbá, ó di ìyá. Òun ló rán Abẹ́rẹ́ nílé ìwé, òun ló ń fi ọwọ́ tí gíríìsì ti wọ̀ lára fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan fa ọmọbìnrin náà lápá lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni Òòlù fi yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa eyín náà nílẹ̀, ó kó o lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Gba ẹrù ẹ," ó ní, "máa lọ."

Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín ládùúgbò. Abẹ́rẹ́ náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ó dàgbà sínú ìgbàgbọ́ pé ẹlòmíràn ni ọwọ́ yẹn wà fún.

Kọ̀ǹpútà ló kọ́ nígbà tó dàgbà, ó sì ríṣẹ́ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lórí òkè tó kọjú sí odò. Ògiri gíga kan ni ìjọba mọ sí etí odò náà láti dá omi dúró, ògiri náà sì ti ń lanu. Òjò ọdún yẹn kò dá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé bí ògiri bá wó, ibo lomi máa gbà, òpópónà wo ló máa kọ́kọ́ bò, báwo ló sì ṣe máa ga tó. Bí wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣírò rẹ̀, kó tó ṣe é tán, omi á ti gbé òun àti ẹni tó jókòó tì í lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gé odò àti ìlú sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n pín in fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn kan nínú yàrá ìsàlẹ̀, àwọn kan nínú yàrá òkè. Ọ̀kan nínú àwọn tòkè ni olórí tó ń pín iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ni gbogbo àwọn yòókù. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣírò ègé tirẹ̀, á sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ bí omi ṣe dúró ní ààlà àwọn méjèèjì. Bí ẹyọ kan bá dákẹ́, gbogbo wọn á dúró dè é, bí àwọn tó ń gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ara wọn, tí ẹnì kan láàárín wá lọ mumi.

Abẹ́rẹ́ ni alábòójútó wọn. Òṣìṣẹ́ tó bá dákẹ́, tàbí tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á pa á, á mú ègé ọwọ́ rẹ̀ láti ibi tí wọ́n tọ́jú iṣẹ́ dé kẹ́yìn, á gbé e fún òmíràn, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ilé wí. "Ìwọ ọ̀lẹ yìí, o tún ti sùn? Ó dáa, gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ." Onímọ̀ odò, ọkùnrin onígíláàsì tó kó gbogbo ìwọ̀n omi náà jọ, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Abẹ́rẹ́ tètè gbọ́, torí kí ara òun tó tutù, á ti gbé iṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn.

Ìṣirò náà ò tíì parí nígbà tí Abẹ́rẹ́ rí ohun tó já a láyà. Níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, níbi tí ilé Òòlù àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, omi ti ga ju òrùlé lọ nínú àwòrán. Onímọ̀ odò ní kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Jẹ́ kó parí ná," ó ní. "Tá a bá pariwo lónìí, tí kò wá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá máa rí bẹ́ẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó máa dá wa lóhùn."

Abẹ́rẹ́ fẹnu gbà, kò fọkàn gbà. Bó ṣe kúrò níbi iṣẹ́, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló forí lé. Òòlù ò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló bá níwájú ilé, tó ń ká aṣọ lórí okùn.

"Ìyàwó wa, ẹ kó ẹrù yín, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lókè. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Ìyàwó náà kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ Abẹ́rẹ́ látọjọ́ tó ti wọlé wọn. "Kí ló dé, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́? Ṣé wọ́n fẹ́ lé wa kúrò ni?"

"Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ni. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Èyí di odindi lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi náà ò jọ àbọ̀ tó ti jáde. Ìyàwó sọ fún alájọgbélé, alájọgbélé sọ fún onígbàjámọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì fi mọ́, ohun tí gbogbo kọ́nà odò ń wí ni pé àwọn oníkọ̀ǹpútà orí òkè ti yan àdúgbò àwọn, pé wọ́n fẹ́ ṣí omi sórí àwọn kí wọ́n lè gba ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Lọ́dún tó ṣáájú, katakata ti wó ilé àwọn ará òdìkejì odò. Wọ́n ní omi ń bọ̀ níbẹ̀. Omi kankan ò wá. Ilé àwọn olówó ló hù níbẹ̀. Inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì orí òkè yẹn ni wọ́n ti ya àwòrán tí katakata náà tẹ̀ lé. Abẹ́rẹ́ wà lára àwọn tó ṣe é, kò sì jẹ́ sọ ọ́ létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, nínú òjò. Abẹ́rẹ́ àti onímọ̀ odò wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n sì yọjú lójú fèrèsé. Èrò ti bo ọ̀nà, Òòlù sì wà níwájú wọn. Wọ́n gbé igi dání, wọ́n gbé irin, àwọn mìíràn yọ àdá. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń kí Abẹ́rẹ́ ní "ìyá àwọn ẹ̀rọ" láràárọ̀, na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè níwájú wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan wọlé kó lọ gbọ́ tẹnu wọn..."

Òkúta ló dá a lóhùn. Ó bà á níwájú orí, ó ró bí ìgbà tí ìkòkò fọ́. Bàbá náà kúnlẹ̀, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ lójú bí ẹni ń nu òógùn, géètì sì já, ó wó lé e lórí. Orí géètì yẹn ni wọ́n gbà wọlé. Bàbá náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni ò sì mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ wọn ti gba fèrèsé ẹ̀yìn lọ. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù lórí tábìlì.

"Jẹ́ ká sá," onímọ̀ odò wí.

"Tá a bá sá, tí wọ́n fọ́ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ti òkè á máa dúró de òkú ni. Ẹ bá mi di ilẹ̀kùn mú díẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ sápò, ó ti tábìlì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kí olórí tó wà lókè má fún ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ níṣẹ́ mọ́, kó mú gbogbo ègé láti ibi tí wọ́n tọ́jú wọn dé, kó kó wọn fún àwọn tòkè. Ẹrù náà pọ̀ jù fún wọn. Wọn ò lè gbé gbogbo ìlú. Àfi kó já apá kan sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ń gbọ̀n, igi rẹ̀ ń ya lẹ́yìn onímọ̀ odò, ìka Abẹ́rẹ́ sì ń já àwọn ègé bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: òkè ibi tí àwọn olówó ń gbé, ọgbà àwọn òyìnbó, pápá bọ́ọ̀lù. Kò já kọ́nà odò sílẹ̀. Àwọn tó ń fi àáké gé ilẹ̀kùn, tiwọn ló di mú.

Àáké gba ojú ilẹ̀kùn wọlé, ó bá èjìká onímọ̀ odò. Ó ké, ṣùgbọ́n kò kúrò. Ìgbà tó wá kúrò, tábìlì ló gbé e ṣubú. Wọ́n rọ́ wọlé bí omi. Ẹnì kan fi pákó tó ní ìṣó gbá ọkùnrin náà lójú, ó sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di orí mú, ó ń pe ìyá rẹ̀. Wọ́n dojú kọ àwọn ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi irin rún wọn wọnú, wọ́n ń fa wáyà wọn jáde bí ìfun. Iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, èéfín rọ́bà gba inú yàrá. Lójú kọ̀ǹpútà Abẹ́rẹ́, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan: eléyìí ò dáhùn, èyí náà ò dáhùn, èyí náà ò dáhùn. Ṣùgbọ́n lókè, iṣẹ́ ti ṣí kúrò lójú kan. Ó rí i tó sún. Ẹnì kan wá fa irun rẹ̀, ó já ara rẹ̀ gbà, ó fi ìdì irun kan sílẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó sì sá bọ́ sórí àtẹ̀gùn.

Ó ti dé ẹnu yàrá òkè kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ náà. Ó yíjú padà.

Òòlù ló ń gòkè bọ̀, òjò ti rin ín gbindin, òòlù iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Abẹ́rẹ́, kúrò lọ́nà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé. Ilé yín ni wọ́n ń ṣírò lọ́wọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kó parí."

"Ilé mi! Ìwọ lo lọ ń sọ fún ìyàwó mi pé kó kẹ́rù. Ìwọ náà ni wọ́n fi wó ilé àwọn ará òdìkejì? Dá mi lóhùn. Ìwọ náà wà níbẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òòlù fi ọwọ́ òsì lù ú. Ẹ̀ṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbájú. Abẹ́rẹ́ gbọ́ tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dún nínú orí ara rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ohun líle kan tó jẹ́ eyín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò wò ó. Ó ré e kọjá, ó ju òòlù sọ́wọ́ òsì, ó fi ti ọ̀tún di férémù irin ẹnu ọ̀nà mú, ó fẹ́ ta ilẹ̀kùn nípàá.

Àgbá pupa tí wọ́n fi ń paná wà lára ògiri. Abẹ́rẹ́ ò rántí bó ṣe yọ ọ́. Ó gbé e sókè pẹ̀lú apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì là á mọ́ ọwọ́ tó di irin náà mú. Ọwọ́ náà fọ́. Kò sí ọ̀nà míràn láti sọ ọ́. Òòlù bú sí igbe, òòlù iṣẹ́ já lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lórí àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀. Ìjà ti parí níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tún gbé àgbá náà sókè, ó tún lù ú lójú kan náà.

Nígbà yẹn ni ìbọn dún níta. Àwọn ọlọ́pàá ti dé. Wọ́n ju tajútajú sínú yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń lu gbogbo ẹni tó bá jáde, ẹni tó mú igi àti ẹni tí ò mú nǹkan kan. Ọmọkùnrin káfíńtà kan tó ń sá lọ ni ìbọn bá lẹ́yìn. Ó sáré díẹ̀ sí i kó tó mọ̀ pé òun ti kú. Abẹ́rẹ́ gbọ́ tí bàtà wọn ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kọ́là aṣọ, ó wọ́ ọ wọnú yàrá òkè, ó sì tilẹ̀kùn. Bàtà náà kọjá lọ.

Wọ́n jókòó síbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn ẹ̀rọ sì ń hùn láàárín wọn. Òòlù gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan bí nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹnu Abẹ́rẹ́ sórí bọ́tìnnì tó ń tẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan gbóná jù, ó dákẹ́. Ó pa á, ó gbé ègé rẹ̀ fún òmíràn. Òmíràn tún dákẹ́; ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń sún mọ́, iṣẹ́ náà parí, àwòrán sì jáde. Abẹ́rẹ́ ò lè la ẹnu. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó fi ìka hàn án: odò nìyí, ṣọ́ọ̀bù yín nìyí, omi nìyí lórí rẹ̀.

Òòlù wò ó títí.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe wí lọ́dún tó kọjá," ó ní.

Àwọn ọlọ́pàá padà wá, wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n sì mú Òòlù lọ.

Ìjọba gba àwòrán náà gbọ́, wọ́n sì fi ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n rán sójà lọ sí kọ́nà odò pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tó kọ̀, wọ́n nà án, wọ́n jù ú sínú ọkọ̀. Wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ apá ìyá arúgbó kan tó di òpó ilé rẹ̀ mú. Abẹ́rẹ́ ń wò wọ́n láti fèrèsé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi wáyà so ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀, kò lè pariwo, kò sì mọ ohun tí ì bá pariwo lé lórí. Ògiri wó kí òjò ọ̀sẹ̀ náà tó dá. Omi gba ibi tí wọ́n ní ó máa gbà. Ó kó ilé, ó kó ṣọ́ọ̀bù, ó kó onígbàjámọ̀ àti àwọn díẹ̀ mìíràn tó ti yọ́ padà lọ ṣọ́ ẹrù wọn. Àwọn yòókù yè é. Kò sẹ́ni tó wá dúpẹ́, Abẹ́rẹ́ ò sì retí rẹ̀.

Wọ́n sin bàbá ọlọ́dẹ. Ọ̀kan nínú ojú onímọ̀ odò fọ́. Ní kóòtù, adájọ́ bi Abẹ́rẹ́ pé ta ló ṣáájú èrò náà wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó tún ní òun fojú ara òun rí i láti fèrèsé pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun ló ju òkúta tó ba ọlọ́dẹ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbé Òòlù lọ sẹ́wọ̀n. Èkejì ni ò jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ kó wá sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́. Ìyàwó náà ò pè é ní Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. "Ẹ káàárọ̀," á wí, á sì kọjá. Wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan, wọ́n jọ ń tọ́ àwọn ọmọ kan náà, ọ̀rọ̀ ò sì kọjá iyọ̀ àti omi láàárín wọn. Abẹ́rẹ́ padà síbi iṣẹ́. Wọ́n ra òṣìṣẹ́ tuntun sí yàrá ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí ó ṣírò ilẹ̀ kan tí ọ̀gá kan fẹ́ gbà, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọn ò sọ. Ó ní òun ò ṣe é. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

Gbogbo ìgbà tí Abẹ́rẹ́ lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, Òòlù ò yọjú sí i. Ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló lọ mú un wá. Irun rẹ̀ ti funfun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kò lè di òòlù mú mọ́. Ó kí àwọn ọmọ, ó jẹun, ó jáde wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ó fẹ́ dìde.

"Jókòó," Òòlù wí.

Ó jókòó.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ó máa ń ro mí tójú ọjọ́ bá ṣú."

"Ọwọ́ tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó yí ọwọ́ náà padà lórí itan rẹ̀. "Èkíní, mo mọ ìdí ẹ̀. Mo rò ó títí lọ́hùn-ún, mo mọ̀ ọ́n. Èkejì ńkọ́, Abẹ́rẹ́? Mo ti ń ké nígbà yẹn."

Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. Ó lè sọ pé ẹ̀rù ló bà á. Ó lè sọ pé ojú òun ò ríran.

"Inú ló bí mi sí yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Òòlù mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún. "Ó dáa," ó ní. "Ó sàn kó o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ké sí wọn látinú ilé pé ta ló máa bá òun gbé apá kejì bẹ́ẹ̀dì. Òòlù dìde, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ṣáájú wọlé, Òòlù sì tẹ̀ lé e.